Fẹ́ǹsì ẹsẹ̀ bàtà 100 àti ìṣirò tí AutoCAD kọ̀ láti gbà

Mílímítà 15 péré ló kó bá iṣẹ́ yìí. Bàbá kan n'Íbàdàn ní pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Ẹni tó kọ́kọ́ ya fẹ́ǹsì rẹ̀ fi mílímítà 3360 sí láti àárín òpó kan dé àárín èkejì, torí pé nọ́ńbà yẹn rọrùn láti tẹ̀. Wẹ́dà gbára lé ìwé, ó yọ ìfẹ̀ òpó, 225, ó gé gbogbo irin ní 3135. Nígbà tí wọ́n dé àlàfo tó kẹ́yìn, 3150 ni wọ́n bá níbẹ̀. Irin ò kan òpó. Wọ́n tún ra irin, wọ́n tún sanwó iṣẹ́, Bàbá wá kọjú sí èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: "Ṣé bí ẹ̀yin ayàwòrán ṣe ń ṣe nìyí?" Inú bí mi gidigidi. Iṣẹ́ wa kì í ṣe ìfojúdá.

Ẹ̀gbẹ́ kejì, tí wọn ò tíì kọ́, ni wọ́n gbé fún mi. Ẹsẹ̀ bàtà 100 jẹ́ mílímítà 30480. Òpó fẹ̀ ní 225, àlàfo sì jẹ́ mẹ́sàn-án. Ẹ yọ 225 kúrò, ẹ pín ìyókù sí mẹ́sàn-án: 3361.666, kò sì lópin.

Inú AutoCAD, sọfitiwia ìyàwòrán, ni mo ti ń ṣiṣẹ́; OFFSET, àṣẹ tó ń da ìlà kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n tí a bá tẹ̀, ló dá mi dúró. Ó béèrè iye, mo tẹ (30480-225)/9, ó kọ̀. Sọfitiwia tí wọ́n fi ń ya afárá, kò gba ìyọkúrò lásán! Mo lè mú fóònù kí n ṣírò, kí n wá da nọ́ńbà náà kọ. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni irú 3360 yẹn ti ń wọlé: èèyàn á wo bí nọ́ńbà ṣe gùn tó, á sú u, á gé e kúrú.

Mo rántí pé AutoCAD ní CAL, àṣẹ tó ń bá èèyàn ṣe ìṣirò. Mo tẹ cal sínú OFFSET, ó tún lé mi padà. Èyí ló bí mi nínú jù, torí àmì kékeré kan ló ń fẹ́: 'cal ni kí ẹ tẹ̀, àmì yẹn níwájú, kí ìṣirò lè wọ àárín iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́. Ó wá béèrè Expression, ìyẹn ìṣirò tí mo fẹ́ ṣe. Mo tẹ (100*304.8-225)/9, ẹsẹ̀ bàtà gan-an ni mo fi bẹ̀rẹ̀, OFFSET gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo tẹ ìlà dé òpó ìkẹyìn, mo fi DIST, àṣẹ ìwọ̀n, wọ̀n ọ́n láti òpó àkọ́kọ́: 30255 géérégé. Orí mi wú!

Ctrl+8 náà á gbé ẹ̀rọ ìṣirò jáde, àmọ́ 'cal ló tẹ́ mi lọ́rùn, ọwọ́ mi ò kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù.

Ẹ tún ṣọ́ra fún iye tó máa hàn lórí ìwé. Tí ẹ ò bá fi nọ́ńbà kankan sẹ́yìn àmì dẹ́símà, 3362 ló máa kọ, mẹ́sàn-án rẹ̀ sì jẹ́ 30258. Nítorí náà, láti igun kan ṣoṣo ni mo ti kọ gbogbo ìwọ̀n: 3362, 6723, 10085, títí dé 30255. Bíríkìlà á fi téèpù kan ṣoṣo ṣe é, àṣìṣe ò ní máa gorí ara wọn.

Mo sì sọ fún wẹ́dà pé kó má gé nǹkan kan títí òpó á fi dúró, kó wá wọn àlàfo kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀. Ó kùn, ó ní irin ti wà nílẹ̀. Mo ní kó dúró.