Bí a ṣe ń fi ìtọ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò òògùn nínú eré ìdárayá

Bí wọ́n bá ti fi tó ọ létí pé ìwọ ni àyẹ̀wò kàn, wo káàdì ìdánimọ̀ olùyẹ̀wò, buwọ́ lùwé, má sì kúrò lójú ẹni tó ń ṣọ́ ọ. O lè lọ gba àmì-ẹ̀yẹ rẹ, o lè bá akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀. Má ṣáà tọ̀ síbòmíràn, ì báà ṣe nínú balùwẹ̀: ìtọ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń fẹ́.

Ibi omi mímu ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ìtọ̀ náà kò gbọdọ̀ dín ní mìlílítà 90, ó sì gbọdọ̀ ki. Bí kò bá tètè wá, eléré á bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sọ́fun, ìgò kan, ìgò méjì, ìgò mẹ́ta. Nígbà tó bá fi máa wá, ó ti mọ́ gaara bí omi òjò, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn kíki rẹ̀ kò sì ní ka 1.005 tí òfin béèrè. (Bó bá pé mìlílítà 150, 1.003 ti tó.) Òmíràn di dandan nìyẹn. Ojú á kán an, á tún mumi sí i, èyí tó ń bọ̀ á tún ṣàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ilẹ̀ á sì ṣú mọ́ ọn níbẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa mu ún. Ìgò ìdajì lítà kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Kí ó jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí, kí o sì fọwọ́ ara rẹ ṣí i. Bí wọ́n bá ní ìtọ̀ rẹ kò ki tó, gbé omi sílẹ̀, máa rìn káàkiri, kí o ní sùúrù. Ìtọ̀ díẹ̀ sàn ju ìtọ̀ tó ṣàn lọ: èyí tí kò tó 90, wọn á dì í pa títí ìyókù yóò fi dé, wọn á sì pa wọ́n pọ̀. Èyí tí kò ki, a kì í pò ó mọ́ òmíràn.

Nínú ilé ìtọ̀, ọkùnrin ló ń wo ọkùnrin, obìnrin ló ń wo obìnrin. Ká apá aṣọ sókè, fa ṣòkòtò wálẹ̀ dé orúnkún. Àwọn kan ti fi ìtọ̀ ẹlòmíràn pamọ́ sára rí, ìdí nìyẹn.

Fúnra rẹ mú àpótí ìgò. Ìgò méjì ló wà nínú rẹ̀: A ni wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ wò, B ni wọ́n á fi pamọ́. Ka nọ́ńbà ara ìgò A, ti B àti ti ìdérí wọn. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, pààrọ̀ rẹ̀. Da mìlílítà 30 sínú B ná, kí ìyókù lọ sínú A, ó kéré tán 60, kí o fi ẹ̀kán díẹ̀ sílẹ̀ fún ìwọ̀n kíki. Dé e pinpin, dojú rẹ̀ délẹ̀, wò ó bóyá ó ń jò.

Lórí fọ́ọ̀mù, kọ gbogbo òògùn àti àfikún oúnjẹ tí o lò láàárín ọjọ́ 7 sẹ́yìn. Fọ́tò páálí wọn lórí fóònù dára. Ìwé pélébé nínú àpò ṣe é bákan náà, bátìrì kì í sì í tán lára tirẹ̀. Kíkọ ọ́ síbẹ̀ kò sọ òògùn tí wọ́n fòfin dè di èyí tó tọ́ o: ìwé àṣẹ ìlò òògùn fún ìtọ́jú ni a ń béèrè fún ìyẹn, ó kéré tán ọjọ́ 30 ṣáájú ìdíje. Ohunkóhun tí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, kọ ọ́ sínú àlàfo ọ̀rọ̀ kí o tó buwọ́ lù ú, kí o sì gba ẹ̀dà tìrẹ kí o tó kúrò níbẹ̀.