Bí akẹ́kọ̀ọ́ Èkìtì ṣe lè lọ wo Àjàṣẹ́, Ganvié àti Kétu, kó sì bá àwọn ará ibẹ̀ jókòó

Ọmọ Ìkéré-Èkìtì ni mí. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo sọdá sí orílẹ̀-èdè Benin, ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò. Fọ́tò kún fóònù mi fọ́fọ́, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n dárúkọ ènìyàn kan ṣoṣo tí mo bá jókòó lọ́hùn-ún, n kò rí orúkọ kankan dá. Ó dùn mí gan-an. Ìrìn kejì ni mo tó ṣe é bó ṣe yẹ. Bí mo ṣe ṣe é nìyí, fún akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi tó ń wá ibi tí yóò lọ nígbà ọlidé.

Tọ́jú ìwé rẹ

Àdéhùn ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, gba ọmọ Nàìjíríà láyè láti wọ Benin láìgba físà, kó sì lò tó 90 ọjọ́. Mú pásípọ́ọ̀tù dání. Mú yẹ́lò káàdì náà, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé o ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Tètè lọ gbà á, nítorí ó di ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí ìwé náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Má ra káàdì lọ́wọ́ ẹni tí kò gún ọ lábẹ́rẹ́ rárá.

Mọ ilé kí o tó jáde

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń fò, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Bí o bá kí àgbàlagbà lọ́hùn-ún tán, ohun tí yóò bi ọ́ ni pé níbo lo ti wá, kí ló sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, lọ sí Ìkògòsì, kí o ti ọwọ́ bọ ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Lọ wo omi Àrìnta tó ń já láti orí òkè ní Ìpólé-Ìlórò. Bí ìlú rẹ bá ní òkè tàbí odò tí wọ́n ń bọ, bi àwọn àgbà ilé yín léèrè ìdí rẹ̀. Èmi kò béèrè kí n tó lọ, mo sì rí àbájáde rẹ̀ ní Kétu.

Mú ẹ̀bùn kékeré dání pẹ̀lú. Kóńgò ìrẹsì Ìgbẹ́mọ kan ni mo dì sínú báàgì mi.

Ní ẹnubodè

Láti Adó-Èkìtì, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó, mo sùn síbẹ̀, mo sì gba ọ̀nà Badagry lọ sí Sèmè ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì. Rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù rẹ ní ìhà tiwa àti ní ìhà tiwọn. Bí ẹnìkan bá ní òun mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú, má tẹ̀ lé e. Sẹ́fà ni owó wọn. Bí o bá pààrọ̀ náírà rẹ, ka ohun tí wọ́n fún ọ kí o tó kúrò níwájú ẹni náà. Nígbà àkọ́kọ́, inú ọkọ̀ ni mo ti mọ̀ pé tèmi kò pé. Zémidjan ni wọ́n ń pe ọ̀kadà. Ẹ fẹnu kò sí iye owó kí o tó gùn ún.

Ní Àjàṣẹ́, fọ Yorùbá rẹ mọ́

Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo ni olú ìlú. Wo mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tí àwọn Àgùdà kọ́, ìyẹn àwọn ọmọ ẹrú tó ti Brazil padà wálé. Bí o bá rí i lókèèrè, ṣọ́ọ̀ṣì ni wàá pè é. Ààfin Ọba Toffa, tó jọba ní Àjàṣẹ́ láyé àtijọ́, náà wà níbẹ̀ tí a lè wọ̀.

Èdè ni kí o ṣọ́ra fún. Yorùbá pọ̀ ní Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wọn nílé ìwé, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní kí ọmọ ilé tí mo wọ̀ sí bá mi "charge" fóònù, ó kàn ń wò mí. Ìgbà tí mo ní, "Àbúrò, iná ti tán nínú fóònù mi," ló rẹ́rìn-ín, tó sì gbà á lọ́wọ́ mi. Ìgbà yẹn ni mo mọ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe pọ̀ tó lẹ́nu mi. Kọ́ "bonjour" àti "merci" pẹ̀lú. Bí ẹni tó ń sọ èdè Fọ̀n bá sì kí ọ pé "kúabọ̀", ìwọ náà mọ ohun tó ń sọ.

Ní Ganvié, béèrè kí o tó ya fọ́tò

Láti Abomey-Calavi ni wàá ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òpó nínú ọ̀sà Nokoué. Àwọn tó sá fún àwọn akónilẹ́rú ló tẹ̀ ẹ́ dó. Inú ọkọ̀ ni àwọn ìyá ti ń ná ọjà. Mo gbé fóònù sókè sí ìyá kan nígbà àkọ́kọ́, ó fi akẹtẹ̀ bojú, ó sì yíjú kúrò. Mo ṣì máa ń rántí rẹ̀. Nígbà kejì, mo pa fóònù mọ́, mo kí wọn, mo ra ẹja díndín. Ìyá tó tà á fún mi ló fúnra rẹ̀ ní kí n ya òun àti ọmọ rẹ̀.

Fi ọjọ́ tó pọ̀ jù sí Kétu

Gba Sakété àti Pobè lọ. Ìlú Alákétu, ọba Kétu, ni, ọ̀kan nínú àwọn ìlú àtijọ́ tó ka orísun rẹ̀ sí Ifẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Dahomey, ìjọba àwọn Fọ̀n láyé àtijọ́, fọ́ ọ ní 1886, wọ́n sì tún un tẹ̀ dó lẹ́yìn náà. Níbẹ̀ ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó agbójú tí wọ́n fi ń bọlá fún àwọn ìyá, ti gbilẹ̀. Lọ wo Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ìlú ayé àtijọ́, ṣùgbọ́n ibi mímọ́ ni. Wá àgbà tó ń tọ́jú rẹ̀ kí o gba àṣẹ kí o tó sún mọ́ ọn.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá kan lẹ́bàá ibẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó. Yorùbá wọn yàtọ̀ sí tèmi. Mo sọ fún wọn pé ní Èkìtì, ilé ni à ń pè ní "ulé", iyán sì ni "uyán". Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pe ìyàwó wọn pé kó wá gbọ́. Mo gbé ìrẹsì Ìgbẹ́mọ kalẹ̀, màmá sì sè é lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí a ń jẹun, bàbá béèrè ohun tó wà nílùú mi. Mo ní Òkè Olósùnta ni. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí ẹ fi ń bọ ọ́?" N kò mọ̀ ọ́n.

Gba nọ́ńbà ẹni tó bá gbà ọ́ lálejò, kí o sì pè é bí o bá délé. Ọ̀sẹ̀ tí mo padà dé Ìkéré, mo jókòó ti ìyá mi àgbà, mo tan fóònù sílẹ̀, wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ ìtàn Olósùnta fún bàbá tó wà ní Kétu. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá fi ohùn tiwọn ránṣẹ́ padà: ìbéèrè mẹ́ta fún ìyá mi àgbà.