Ẹ má dà wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí fínígà, wáìnì àti òróró

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó lè pààyàn ká tó dé orí èyí tó ń ba oúnjẹ jẹ́. Ẹ má da fínígà pọ̀ mọ́ bleach láé, ì báà ṣe ṣíbí kan péré. Mo mọ̀ pé ọkàn èèyàn á máa sọ fún un pé nǹkan méjèèjì ló ń fọ ìdọ̀tí, tí wọ́n bá jọ pàdé ibẹ̀ á mọ́ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá o, ásíìdì inú fínígà ló máa lé gáàsì chlorine jáde látinú bleach, gáàsì yẹn náà ni wọ́n tú sójú ogun ní Bẹ́ljíọ̀mù lọ́dún 1915 tó pa ọ̀pọ̀ sójà. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é tójú ń ta yín, tí ikọ́ dé, ẹ má dúró nu nǹkan kan, ẹ jáde síta.

Fínígà àti bakin-sódà ò burú tó yẹn, iṣẹ́ ni ò ṣe. Híhó tó ń hó yẹn ló ń tan èèyàn, bẹ́ẹ̀ gáàsì ló kàn ń sá lọ, àwọn méjèèjì ti pa agbára ara wọn, omi tó ní iyọ̀ díẹ̀ ló kù. Ẹ lo ọ̀kan, ẹ ṣàn án, kẹ́ ẹ tó lo ìkejì. Ẹ má sì dé wọn pọ̀ mọ́nú ìgò, ó lè bẹ́.

Èyí tó ká mi lára jù ni aáyù inú òróró. Èmi náà ti ṣe é rí, mo bó aáyù, mo kó o sínú ìgò, mo da òróró ólífì lé e títí ó fi bò ó, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó dùn-ún wò gan-an, ọjọ́ mẹ́jọ ló lò níbẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, kíá ni mo dà á nù. Inú ilẹ̀ ni aáyù ti ń jáde, kòkòrò àrùn kan tójú ò lè rí sì wà nínú erùpẹ̀ tó ń jẹ́ Clostridium botulinum, irúgbìn ẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ aáyù kéèyàn fọ̀ ọ́ títí. Níbi tí atẹ́gùn bá wà, kò lè dàgbà. Àmọ́ òróró tẹ́ ẹ dà lé e yẹn ti lé atẹ́gùn lọ, aáyù ní omi nínú, kò sì kan, ibi tí kòkòrò yẹn ń wá gan-an nìyẹn. Májèlé ẹ̀ máa ń rọ iṣan ara, títí kan èyí téèyàn fi ń mí, òróró ọ̀hún sì lè má rùn, kó má yí àwọ̀. Kíkán fínígà díẹ̀ sí i ò tó o, fínígà kì í tètè wọnú aáyù. Inú fíríìjì ni kó wà, tó bá ti pé ọjọ́ mẹ́rin ẹ dà á nù.

Ti òróró àti fínígà tá a máa ń pò dà sórí sàláàdì wá. Iyọ̀ kì í yọ́ nínú òróró, omi ló ń yọ́ ọ, omi ló sì pọ̀ jù nínú fínígà, bíi 95 nínú 100. Ẹni tó kọ́kọ́ da òróró tó wá wọ́n iyọ̀ lé e á gbọ́ iyọ̀ tó ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ léyín ẹ̀. Iyọ̀ àti fínígà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò pọ̀, títí tẹ́ ẹ ò fi ní gbọ́ iyọ̀ nídìí abọ́ mọ́, kẹ́ ẹ wá fi mustard tàbí pupa ẹyin sí i. Lecithin, èròjà kan nínú pupa ẹyin, kì í jẹ́ kí omi àti òróró pínyà: apá kan ẹ̀ ń di omi mú, apá kejì ń di òróró mú. Òróró ló kẹ́yìn, ẹ máa kán an sí i díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ sì máa pò ó lọ, torí tẹ́ ẹ bá dà á gbuu lẹ́ẹ̀kan náà, òróró á tún kó ara ẹ̀ jọ sókè.

Wáìnì ńkọ́? Wọ́n ní tó bá ti hó, ọtí inú ẹ̀ ti lọ, torí pé ìwọ̀n 78°C lọtí ń hó. Irọ́ ni, omi tó wà pẹ̀lú ẹ̀ ò jẹ́ kó tètè lọ. Nínú tábìlì tí iléeṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde, lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí iná, bíi 35 nínú 100 ọtí yẹn ṣì wà níbẹ̀, lẹ́yìn wákàtí méjì ààbọ̀ ó ku bíi 5. Tí ọmọdé tàbí ẹni tí kì í mutí bá máa jẹ níbẹ̀, ẹ má fi wáìnì sí i, ẹ lo omi ẹran pẹ̀lú fínígà díẹ̀.