Bí a ṣe ń kun ẹ̀dà àwòrán aṣọ ayé àtijọ́ tí wọ́n fín sórí igi ní Yúróòpù

Láàárín 1560 sí 1600, ìwé tó ń ṣàfihàn aṣọ onírúurú ìlú tà gan-an ní Yúróòpù. Ti Paris jáde ní 1562, Hans Weigel tẹ tiẹ̀ ní Nuremberg ní 1577 pẹ̀lú àwòrán Jost Amman, Cesare Vecellio sì gbé tiẹ̀ jáde ní Venice ní 1590, àwòrán inú rẹ̀ lé ní 400. Láìní àwọ̀ ni gbogbo wọn ń ti ẹnu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jáde. Ẹni tó bá lówó ló ń gbé ìwé rẹ̀ lọ bá àwọn akunwòrán, àwọn tí wọ́n ń pè ní Briefmaler ní Jámánì. Ìdí nìyẹn tí aṣọ obìnrin kan náà fi lè pupa nínú ẹ̀dà kan, kó sì jẹ́ búlúù nínú òmíràn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan bírọ́ọ̀ṣì, ẹ wo àwòrán náà dáadáa. Àwọn ilà wẹ́wẹ́ tó tò gbọọrọ lábẹ́ apá àti níbi tí aṣọ ti ṣẹ́po, òjìji ni. Ẹni tó fín in ti bá yín ṣe ìyẹn tán. Àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tí ilà á máa hàn lábẹ́ rẹ̀ ló kù fún yín. Ẹni tó bá tún ń kun òjìji lé òjìji, ìdọ̀tí ni yóò rí.

Àwòrán àti bébà

Rijksmuseum ní Amsterdam àti Metropolitan Museum of Art ní New York ń jẹ́ kéèyàn wa ọ̀pọ̀ irú àwòrán báyìí jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Fún bébà A4, ẹ nílò àwòrán tó fẹ̀ tó píksẹ́lì 2480, tó sì ga tó 3508. Ṣùgbọ́n ìwé Vecellio kéré lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ jù, ilà rẹ̀ á nípọn bí okùn. A5 ló bá a mu. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ pa àwọ̀ ìyeyè ti bébà àtijọ́ rẹ́, kó ku ilà dúdú nìkan. Àwọn kan máa ń fi omi tíì pa bébà láró kó lè dà bíi ti àtijọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀: gbogbo àwọ̀ tó bá gorí rẹ̀ ló máa ṣú.

Bébà òwú tí ojú rẹ̀ dán, gíráàmù 300, ni kí ẹ lò. Bí ẹ̀rọ yín kò bá lè gbé e mì, ẹ lo gíráàmù 200, kí ẹ sì fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ pákó, kó má baà ká. Yíǹkì pigment ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Yíǹkì dye tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú máa ń ṣàn bí omi bá kàn án. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ fi bírọ́ọ̀ṣì tútù ra ilà kan ní igun. Bí omi bá dúdú, ẹ má wulẹ̀ tẹ̀ síwájú.

Bí bébà bá ń fa omi bíi fóòmù, ẹ rẹ gíráàmù 3 jẹ́látì (gelatin) sínú mìlílítà 100 omi tútù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ yá a lórí iná láìjẹ́ kó hó, kí ẹ fi bírọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ pa á sójú bébà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Bó bá hó, agbára rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ọ̀dà

Òjé àti mẹ́kúrì wà nínú ọ̀dà ayé ìgbà náà, májèlé ni wọ́n. Àwọ̀ ewé tí wọ́n ń rí lára ìpẹtà bàbà sì ń jẹ bébà títí ó fi máa hàn ní ẹ̀yìn. Ọ̀dà olómi òde òní tó: ìyeyè títàn, okà (ochre, ìyeyè tó dà bí amọ̀), pupa méjì (èyí tó gbóná àti èyí tó jìn), búlúù, àti àwọ̀ ilẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lọ̀ ọ́ fúnra yín, gọ́ọ̀mù arábíkì, oje igi tó ń hù ní Sudan àti ní òkè ọya tiwa, ni kí ẹ fi pò ó: ìwọ̀n gọ́ọ̀mù kan sí omi gbígbóná méjì, kó sùn mọ́jú, kí ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Bí gọ́ọ̀mù bá pọ̀ jù, ọ̀dà á dán, á sì sán. Bó bá kéré jù, á máa ràn mọ́ ìka.

Kíkùn ún

Ara èèyàn la fi ń bẹ̀rẹ̀: okà díẹ̀, pupa tó kéré gan-an, omi púpọ̀. Nígbà tó ṣì tutù ni kí ẹ fi ẹnu bírọ́ọ̀ṣì kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní pupa lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ èyí tó ṣókùnkùn.

Ẹ mú apá aṣọ pupa bí àpẹẹrẹ. Ẹ gbé ẹ̀yìn pákó sókè díẹ̀. Ẹ po ọ̀dà tó máa tó gbogbo apá náà lẹ́ẹ̀kan, torí ẹ ò lè po irú rẹ̀ gan-an lẹ́ẹ̀kejì. Láti èjìká, ẹ fà á wálẹ̀ pẹ̀lú bírọ́ọ̀ṣì nọ́ńbà 4, kí omi ọ̀dà máa kóra jọ sí ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ kùn, kí ẹ sì máa fi bírọ́ọ̀ṣì darí rẹ̀. Ẹ má padà sókè. Ibi tó bá ti ń gbẹ tí ẹ tún fi omi kàn, àbàwọ́n onígun wẹ́wẹ́ bí ewé ẹ̀fọ́ ló máa hù níbẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ tán, ẹ fi bírọ́ọ̀ṣì tútù rọra rẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi bébà ìnuwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Bó bá gbẹ, ẹ lè fi pupa kan náà kan àárín ìṣẹ́po tó jìn jù lẹ́ẹ̀kan sí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí wọ́n ti la apá aṣọ kí ẹ̀wù funfun ìsàlẹ̀ lè yọ, ẹ fi ojú bébà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kọ́là oníṣẹ́po gbègbèrè náà, bébà ni; ọ̀dà funfun máa ń rí bí ẹfun.

Àwọ̀ wo la máa lò? Vecellio kọ àlàyé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán rẹ̀, ó sì sábà máa ń dárúkọ aṣọ àti àwọ̀ rẹ̀. Àtẹ̀jáde 1598 fi èdè Látìn kún ti Ítálì. Ẹ kọ́kọ́ kà á. Opó Venice, dúdú ni wọ́n ń wọ̀. Bí ẹ bá kùn ún ní pupa, ẹ ti sọ ọ́ di ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ lo ọ̀dà wúrà, òun ló kẹ́yìn, torí bírọ́ọ̀ṣì tútù tó bá kọjá lórí rẹ̀ á gbá a lọ. Bó bá gbẹ tán, ẹ fi sáàárín bébà mímọ́ méjì lábẹ́ ìwé wúwo fún ọjọ́ méjì. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ orúkọ ìwé náà, ọdún tó jáde àti ọdún tí ẹ kùn ún sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà tà á bí ojúlówó lọ́la.