Bí a ṣe ń dáàbò bo fíríìjì àti AC nígbà tí iná ò bá lè gbé wọn

Láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹrin, tí ooru bá mú ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ilé gbogbo ló ń tan fáànù àti AC papọ̀. Ẹrù á wọ transfọ́mà àdúgbò lọ́rùn, iná tó yẹ kó wọlé ní 230 fólítì á já wálẹ̀ sí 170, ó tiẹ̀ lè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé iná tó pọ̀ jù nìkan ló ń ba nǹkan jẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Iná tó kéré ń jó mọ́tò.

1. Ẹ wo fáànù. Gílóòbù LED lè máa tàn dáadáa síbẹ̀ kí iná ti lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n fáànù á máa fà tìkọ̀. Mítà kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì máa fi iye fólítì hàn yín. Ó tó rà.

2. Ẹ kọ́kọ́ yọ fíríìjì, fírísà, AC àti ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga. Ibí gan-an ni owó ti ń ṣòfò. Tí iná bá já láti 230 sí 160, agbára tí mọ́tò fi ń gbéra á dín kù sí bí ìdajì, bẹ́ẹ̀ ooru ti fi kún iṣẹ́ rẹ̀. Mọ́tò tí kò lè yí á máa kùn, á máa fa iná ju ti ìgbà tó ń yí lọ, wáyà inú rẹ̀ á sì gbóná títí á fi jó. Fíríìjì tó bá kùn, tó dún “kọ́”, tó dákẹ́, tó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ tètè yọ ọ́.

3. Áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù iná kò léwu; wọn ò kàn ní tètè gbóná ni. Ṣájà fóònù tí wọ́n kọ 100–240V sí lára kò ní ìṣòro.

4. Tí iná bá padà bọ̀ sípò, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 3 sí 5 kí ẹ tó tan fíríìjì, kí gáàsì inú rẹ̀ lè rọlẹ̀. Sìtébíláísà tó ń dúró fúnra rẹ̀ kó tó gbé iná jáde dára púpọ̀. Àmọ́ ẹ ra èyí tó lágbára ju ẹrù tí ẹ fẹ́ gbé lé e.

5. Tí iná bá ṣókùnkùn níbì kan tó sì mọ́lẹ̀ jù níbòmíràn, tàbí tí gílóòbù ilé kejì ń fọ́, ó ṣeé ṣe kí wáyà níútírà, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, ti já. Ẹ pa gbogbo iná láti ibi mítà, kí ẹ pe oníná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fúnra yín gun òpó lọ pààrọ̀ féèsì, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná wá sílé.