Ẹ̀fọn Ojúmọmọ àti Ọmọ Inú Oyún

Lọ́dún 2015, àwọn dókítà ní Recife àti agbègbè rẹ̀ lórílẹ̀-èdè Bùràsílì ń rí ọmọ tuntun tí orí wọn kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Kòkòrò àrùn Zika ló fà á. Igbó Zika ní Uganda ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, lára ọ̀bọ, lọ́dún 1947. Ẹ̀fọn tó ń gbé e kiri, Aedes aegypti, dúdú, ó sì ní ilà funfun lẹ́sẹ̀. Ó wà lágbàlá tiwa náà.

Bí ẹ̀fọn bá gbé e wọ ẹ̀jẹ̀ aláboyún, kòkòrò náà lè gba inú ibi ọmọ kọjá dé ara ọmọ, kó máa pa sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó di ọpọlọ. Agbárí kì í tóbi bí ọpọlọ kò bá dàgbà. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló léwu jù, àmọ́ ìyókù náà kò bọ́. Nínú ọmọ 100 tí ìyá wọn kó o nínú oyún, bíi 5 sí 15 ló máa ń ní àbùkù: ojú lè má ríran dáadáa, etí lè di, oríkèé lè ká kò. Ìyá lè má mọ̀ rárá, torí bí ẹni 1 nínú 5 ni ibà díẹ̀, ara sísú àti ojú pípọ́n ń hàn lára wọn. Ẹ má wá ẹni tó ṣépè.

Nẹ́ẹ̀tì alẹ́ kò tó, torí ojúmọmọ lẹ̀fọn yìí ń jẹni, àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ pàápàá. Kí aláboyún sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án náà, kó wọ aṣọ alápá gígùn, kó sì fi ìpara tó ń lé ẹ̀fọn, èyí tó ní èròjà DEET ìdá 20 sí 30 nínú 100, pa ibi tí aṣọ kò bò.

Inú omi tí a pọn sílé tàbí omi òjò tó dúró sínú nǹkan ló ti ń pamọ: àmù, dírọ́ọ̀mù, àwo omi adìyẹ, táyà, èèpo àgbọn, èèpo kòkó lóko. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n á da omi tó ní tanwíji nù, wọ́n á sì tún un pọn sínú dírọ́ọ̀mù kan náà. Ara dírọ́ọ̀mù, díẹ̀ lókè ojú omi, ni ẹyin lẹ̀ mọ́. Ó lè gbẹ fún oṣù púpọ̀ láìkú, kó sì pa lọ́jọ́ tí omi bá tún kàn án. Láàárín ọjọ́ 7 sí 10, ó ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Nítorí náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ da omi nù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ha inú rẹ̀ yíká, ẹ ṣàn án, kí ẹ sì da omi ìṣàn sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ fi aṣọ tó ki bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ dè é pinpin. Aṣọ tó bá rọ̀ kan omi kò wúlò. Ẹ gbé táyà sábẹ́ òrùlé. Táńkì tí a kò lè fọ̀, ẹ bi wolé-wolé léèrè oògùn tanwíji. Ẹ má da kẹrosín-ìn sínú omi mímu.

Ọkọ tó dé láti ibi tí Zika wà lè kó o ran ìyàwó lórí ibùsùn. Bí oyún bá wà, kọ́ńdọ̀mù títí yóò fi bímọ.

Bí ibà bá mú aláboyún, kó lọ ṣàyẹ̀wò. Parasitamọ́ọ̀lù ni kó lò, kì í ṣe asipirín-ìn tàbí ibuprofen, torí bó bá jẹ́ ibà dengue, ibà mìíràn tí ẹ̀fọn yìí ń gbé kiri, oògùn méjèèjì yẹn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà.

Bí ọmọ tó pé oṣù bá ti lo ọjọ́ kan láyé, kí agbẹ̀bí fi téèpù yí orí rẹ̀ ká, lókè ìpéǹpéjú àti níbi tí ìpàkọ́ ti yọ jù. Bí ti ọkùnrin kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 31.9, tàbí ti obìnrin 31.5, ilé ìwòsàn ló kàn. Àwọn orí kan ń tó nígbà ìbí, kó tó di pé wọ́n dáwọ́ dídàgbà dúró. Ẹ tún un wọ̀n nígbàkígbà tí ẹ bá gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí ìyá má sì já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀.