Bí Ẹ Bá Ríṣẹ́ Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Lo Ìtànṣán Nílùú Ọba

Àwọn àbúrò wa láti Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán tó ń gba iṣẹ́ ìmọ́tótó tàbí ìtọ́jú aláìsàn ní ọsibítù ìlú ọba máa ń pè mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní nuclear medicine ni màá wà. Ṣé kò ní pa mí?" Kò ní pa yín, bí ẹ bá ti mọ ohun tí ẹ ń sá fún. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń fún aláìsàn ní oògùn tó ń tú ìtànṣán (radiation) jáde, láti fi yẹ̀ ẹ́ wò tàbí láti fi tọ́jú rẹ̀, ni nuclear medicine.

Ẹ rántí àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dada, l'Okelele. Bí wọ́n bá ń sun ìkòkò, ooru á ta sí ẹni tó dúró tì wọ́n. Bó bá ti kúrò níbẹ̀, ó tán. Ìtànṣán nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹyín iná bá há sí etí aṣọ rẹ̀, ó ti ń gbé iná rìn, ó sì lè gbé e dé orí ẹní ọmọ. Èyí tó ń lẹ̀ mọ́ni yìí ni contamination. Agbára technetium-99m, èròjà tí wọ́n ń lò jù nínú oògùn náà, ń dín sí ìdajì ní wákàtí 6. Ti iodine-131 ń gba ọjọ́ 8. Omi kì í pa á, ńṣe ló kàn ń ṣí i nípò.

Èèwọ̀ ni jíjẹ, mímu àti sìgá nínú yàrá náà. Bí ẹ bá ti rí àmì dúdú tó jọ abẹ fáànù mẹ́ta lórí yẹ́lò, ẹ tu obì ẹnu yín. Ẹ̀yin tó ń kírun, ẹ má ṣe àlùwàlá ní síǹkì ibẹ̀: òmíràn wà tó jẹ́ pé oògùn ọ̀hún ni wọ́n ń dà síbẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn tí wọ́n ti gún lábẹ́rẹ́ náà, ẹ má fọ̀ ọ́ láìgbàṣẹ.

Oyún ló le jù fún wa. Nílé, ó di ìgbà tí ikùn bá yọ kí èèyàn tó gbọ́. Níbẹ̀, òfin Ionising Radiations Regulations ti 2017 fi 20 mSv (millisievert, òṣùwọ̀n ìtànṣán tó bá ara) lọ́dún ṣe òpin fún àgbàlagbà òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ ṣètò iṣẹ́ aláboyún kí ti ọmọ inú má bàa ju 1 mSv lọ títí dọjọ́ ìbí. Ọjọ́ tí ẹ bá kọ ìwé fún wọn pé ẹ lóyún ni ètò yìí ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fọ́mọ lọ́yàn náà, kó kọ̀wé sọ fún wọn, kí wọ́n má bàa fi í síbi tí nǹkan náà ti lè lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ayé ilé kò sí nídìí fáìlì yẹn.

Ohun tó bá dà sílẹ̀ la tún máa ń bò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mi, omi oògùn náà díẹ̀ kán sílẹ̀. Mo fi tíṣù nù ún kíá kí ọ̀gá má bàa rí mi, mo bá jáde. Bàtà mi gbé e dé kọ́rídọ̀, wọ́n sì ti ibẹ̀ pa. Wọn ò lé mi. Pé mi ò sọ̀rọ̀ ló dùn wọ́n. Ńṣe ló yẹ kí n dúró lójú kan, kí n pe RPS, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó òfin ìtànṣán ní ẹ̀ka náà. Bó bá kan ara, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ni. Ẹ má fi kànìnkànìn ha á, torí ojú ibi tí awọ bá ti bó ló ń gbà wọlé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ béèrè ẹni tó jẹ́ RPS, ibi tí local rules, ìyẹn ìwé òfin ẹ̀ka náà, wà, àti ẹ̀rọ tí ẹ ó fi yẹ ọwọ́ àti bàtà wò kí ẹ tó jáde. Ẹ má gbójú lé báàjì tí wọ́n fi sí yín láyà. Ìtànṣán tó bà á láti ìta ló ń kà. Kò lè ka ohun tí ẹ bá gbé mì.